Fífi Ẹ́ńjìnì Dísù Rọ́pò Ti Bẹntiróòlù Lára Ẹ̀rọ Ìrin-Ẹ̀gẹ́

Ẹni tó bá bi mí bóyá ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ṣeé sọ di ti dísù, ìbéèrè ni mo fi ń dá a lóhùn: ṣé ẹ́ńjìnì yẹn gan-an lẹ fẹ́ yí padà ni, àbí iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ fẹ́ kí dísù máa ṣe? Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì gan-an, ẹ jókòó ná, ká jọ ṣírò ó kí ẹ tó gbé súpánà. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni, ọ̀nà wà: ẹ yọ èyí tó wà níbẹ̀, ẹ gbé ti dísù sípò rẹ̀, kí ẹ wá tún férémù, púlì àti ọ̀nà epo ṣe kó lè bá a mu. Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí láti Ìta-Ògbólú títí dé Ìdànrè, ibi tí wọ́n bá ti ń yan gàrí, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà ṣe é.

Ohun tí kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù di ti dísù

Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù máa ń fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé pọ̀ láti inú kábúrétọ̀. Á fún un pọ̀ níwọ̀nba, púlọ́ọ̀gì á sì ṣáná sí i. Ti dísù kò ní púlọ́ọ̀gì rárá. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fà. Á fún un mọ́ra títí yóò fi gbóná janjan, ìgbà yẹn ni pọ́ọ̀ǹpù á wá fi ipá ti epo bíńtín gba ẹnu ínjẹ́kítọ̀ wọlé, epo náà á sì gbiná fúnra rẹ̀. Ìlànà pé kí afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ra gbóná títí á fi tan epo yìí ni Rudolf Diesel fi mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ìlú Augsburg ní Jámánì lọ́dún 1897, ìlànà yẹn kò sì tíì yí padà.

Ibi tí wàhálà wà ni bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ tó. Ẹ jẹ́ ká fi Honda GX160 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì kékeré tó ń ti Ṣáínà wá ń fara wé. Àyè tí písítìnì rẹ̀ ń rìn já jẹ́ 163 cc, ìfúnpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 9 sí 1, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ tó gba àyè 9 ló ń fún mọ́ àyè 1: písítìnì ń rìn já 8, 1 ló ṣẹ́ kù lókè. Àwọn ẹ́ńjìnì dísù kékeré tí afẹ́fẹ́ ń tù lára, 19 tàbí 20 sí 1 ni tiwọn.

Tí ẹ bá ní ẹ́ńjìnì tó ti nọ́ọ̀kì ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ lè fojú ara yín rí i, ìdánwò yìí sì dùn ún ṣe. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ yí ṣáàfù títí písítìnì á fi dé òkè pátápátá nígbà tí fáàfù méjèèjì wà ní pípadé. Ẹ dá ẹ́ńjìnì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ihò púlọ́ọ̀gì lè jẹ́ ibi tó ga jù. Ẹ wá fi sìríǹjì fa ọ́ìlì tí ẹ ti fi kẹrosíìnì là, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ẹnu ihò náà, kí ẹ máa ka iye tó wọlé. Ohun tí ẹ máa rí kò ní jìnnà sí 20 cc, nítorí 163 tí a bá fi 8 pín, 20.4 ló ń jẹ́. Tí a bá fẹ́ kó di 20 sí 1, a ó fi 19 pín 163, ó di 8.6 cc. Ó túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ wá ibi tí a ó ti dí 12 cc nínú àyè kékeré yẹn. Tí ẹ bá ha tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ìyẹn ìdérí orí rẹ̀, kó lè relẹ̀, fáàfù á máa kanlẹ̀ lórí písítìnì. Tí ẹ bá sì ní kí písítìnì ga sí i, fáàfù kan náà ló máa pàdé.

Ká tiẹ̀ ní ẹ rí ọgbọ́n dá sí i. Nígbà tí ìfúnpọ̀ bá jẹ́ 9 sí 1, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà á máa ti písítìnì náà pẹ̀lú ìwúwo tó tó 640 kg, kí iná tó ṣẹ́. Nígbà tó bá di 20 sí 1, ó ti ń lọ sí 1,800 kg, bẹ́ẹ̀ iná kò tíì ṣẹ́ níbẹ̀ náà. Kọ́nrọ́ọ̀dù tó máa gba gbogbo ẹrù yìí, ìyẹn ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kránkì (ṣáàfù ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì), alumíníọ̀mù ni, kò sì ní bẹ́árì kankan láàárín òun àti kránkì. Pọ́ọ̀ǹpù ínjẹ́kítọ̀ ńkọ́? Kò sí ibi tí wọ́n máa dè é mọ́, kò sì sí ohun tó máa máa tì í lásìkò tó yẹ. Èèyàn tó bá ní ẹ̀rọ léètì, owó àti sùúrù lè jókòó tì í, n kò ní dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́kun. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá máa parí, ẹ́ńjìnì tuntun ló ṣe.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ti dán an wò. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ta Golf onídísù ní 1976, ara ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù wọn ni wọ́n ti mú un jáde, ó sì ṣiṣẹ́, torí tọ́ọ̀pù sìlíńdà tuntun ni wọ́n ṣe fún un. General Motors ṣe tiwọn ní 1978, ìyẹn Oldsmobile oní-lítà 5.7. Wọ́n ki irin rẹ̀ nípọn o, àmọ́ bí bóòtù tọ́ọ̀pù ṣe tò lára ti bẹntiróòlù náà ni wọ́n fi sílẹ̀. Ni bóòtù bá ń nà, ni tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì bá ń fẹ́. Wọn kò sì fi ohun tó ń ya omi kúrò nínú epo sí i, omi bá ń ba pọ́ọ̀ǹpù jẹ́. Nígbà tó fi di 1985, wọ́n pa á tì. Ọ̀rọ̀ omi yẹn, ẹ fi sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ṣé èrè wà níbẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fún fàájì lè fo ibí yìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi jẹun kò gbọ́dọ̀ fò ó.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti lọ, àwọn èèyàn ń sá kiri láti epo kan sí èkejì. Dísù kì í sábà dínwó ju bẹntiróòlù lọ lórí lítà, nítorí náà lítà kọ́ ló yẹ ká wò, iṣẹ́ tí lítà ń ṣe ni. Nínú ìwé tó ń bá ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù kékeré wá, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ó ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 395 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan. Ti dísù máa ń wà ní agbègbè 280. Tí a bá sọ ọ́ di lítà, bẹntiróòlù ń jẹ ìdajì lítà àti díẹ̀ níbi tí dísù ti ń jẹ ìdá mẹ́ta lítà kan. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí owó lítà dísù kò bá ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti bẹntiróòlù lọ, dísù ló ń dín ìnáwó epo kù.

Àmọ́ ẹ́ńjìnì dísù wọ́n ju ti bẹntiróòlù lọ dáadáa, owó férémù àti púlì sì tún wà níbẹ̀. Màmá tó jẹ́ pé ọjọ́ ọjà nìkan ló ń rin ẹ̀gẹ́, fún wákàtí kan tàbí méjì, kó fi ti bẹntiróòlù rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni dísù yẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ohun tó wà nílẹ̀

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ mú téèpù, ìwé àti bírò lọ sídìí ẹ̀rọ. Ẹ kọ fífẹ̀ púlì ẹ́ńjìnì sílẹ̀, ẹ kọ ti púlì ẹ̀rọ náà. Ẹ wọn bí ihò bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin abẹ́ ẹ́ńjìnì ṣe jìnnà síra, ní gígùn àti ní ìbú. Ẹ wọn bí àárín ṣáàfù ṣe ga sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ dojú kọ ẹnu ṣáàfù, kí ẹ wo ọ̀nà ibi tó ń yí sí: ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì kékeré ló ń yí ní òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí tí ẹ bá ń wò ó láti ẹnu ṣáàfù. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára bẹ́líìtì náà, kí ẹ sì yà á ní fótò. Fótò ẹ̀rọ látòkè délẹ̀ máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ àríyànjiyàn nídìí wẹ́dà.

Ìgbésẹ̀ kejì: yíyan ẹ́ńjìnì

Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù 196 cc ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní hp 6.5, ti dísù tó máa gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láìṣojo ni èyí tí wọ́n ń kọ 178F sí lára, 296 cc. Agbára rẹ̀ lórí ìwé kò tó 6.5, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà, torí ó ń fa ẹrù dáadáa ní eré tí kò pọ̀. 170F tó kéré sí i, 211 cc, yóò máa mí hẹlẹ nígbà tí wọ́n bá da ẹ̀gẹ́ líle sí i. 186F, 406 cc, wà fún ẹ̀rọ ńlá. Ẹ kíyè sí ìwúwo: ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù náà jẹ́ nǹkan bí 16 kg, 178F jẹ́ nǹkan bí 33, 186F sì ń lọ sí 48. Èèyàn méjì ni kó gbé e, kì í ṣe iṣẹ́ akọni.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Irú ẹ́ńjìnì kan náà lè ní ẹnu ṣáàfù lára kránkì, tàbí kó jẹ́ lára káàmù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Èyí tó bá jẹ́ ti káàmù, ìdajì eré kránkì ló ń sá, ó sì ń yí sí òdìkejì. Tí ẹ bá gbé e sílé láìbéèrè, ẹ̀rọ yín á máa yí padà sẹ́yìn, ẹ̀gẹ́ á sì máa padà sókè lójú yín. Ẹ ní kí ọlọ́jà fi okùn yí i lójú yín, kí ẹ rí ibi tó ń yí sí.

Ẹ mú fáníà, irin ìwọ̀n tó ń ka mìlímítà dé ìdá rẹ̀, dání lọ sọ́jà bí ẹ bá ní in. Ṣáàfù 178F lè jẹ́ mìlímítà 25, ó sì lè jẹ́ ínṣì kan, ìyẹn 25.4. Lójú, ọ̀kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n púlì tí wọ́n lu ihò ínṣì kan sí, tó bá wọ ṣáàfù 25, á máa mì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á jẹ kíì rẹ̀ (irin kékeré tó de púlì mọ́ ṣáàfù) tán, á sì ba ojú ṣáàfù tuntun jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti fẹnu ba jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ níhìn-ín, kí n lè kúrò níbẹ̀. Orí kránkì ni wọ́n máa ń ki ọ̀pá jẹnẹrétọ̀ kékeré bọ̀ tààrà, ẹnu kránkì dísù kò sì sábà bá a mu. Ẹ má dá ara yín láàmú, ẹ ra ti dísù odindi. Ti ọkọ̀, iṣẹ́ ńlá ni: gíáà, wáyà, ọ̀nà epo, ìjókòó ẹ́ńjìnì, gbogbo rẹ̀ ló máa yí padà. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì sì wà lórí ìwé ọkọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lọ yí i padà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó gbé e sójú títì Ọba Adésidà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: púlì

Ibí ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára ti ń bàjẹ́. Wọ́n á yọ púlì àtijọ́, wọ́n á lu ihò rẹ̀ gbòòrò, wọ́n á kì í bọ ṣáàfù dísù, wọ́n á sì máa ráhùn pé dísù kò lágbára. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù lè máa yí ní ìgbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan. Ti dísù, 3,000 ni ó yẹ kẹ́ ẹ gbé e sí tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ sọ eré ẹ́ńjìnì di púpọ̀ ní ọ̀nà fífẹ̀ púlì rẹ̀, ẹ fi fífẹ̀ púlì ẹ̀rọ pín in, eré ẹ̀rọ lẹ máa rí. Ká ní púlì ẹ́ńjìnì jẹ́ ínṣì 4, ti ẹ̀rọ jẹ́ ínṣì 10: 3,600 ní ọ̀nà 4 jẹ́ 14,400, tí a bá fi 10 pín in, 1,440 ni. Eré yìí la fẹ́ kí ìlù ìrin-ẹ̀gẹ́ náà máa sá. Pẹ̀lú dísù tó ń sá 3,000, púlì ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ di ínṣì 4.8. Ẹ ò ní rí 4.8 rà, 5 lẹ máa rí, á sì gbé ẹ̀rọ lọ sí 1,500. Kò burú. Tí ẹ bá fi 4 àtijọ́ sílẹ̀, 1,200 ni, ẹ̀gẹ́ á máa jáde ní wóró-wóró.

Ẹ ra púlì oníbẹ́líìtì méjì tí ẹ̀rọ náà bá gbà á. Dísù máa ń ta ṣáàfù ní ìta gidi nígbàkígbà tí epo bá gbiná, bẹ́líìtì kan á máa yọ̀ nínú púlì, á máa rùn bíi rọ́bà tó ń jó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: férémù

Férémù tó gbé 16 kg kò lè gbé 33 tó ń gbọ̀n. Ẹ ní kí wẹ́dà fi ángúlù áyọ̀ọ̀nù 50 × 50 tó nípọn tó mìlímítà 5 ṣe ìjókòó tuntun, kó fi ọ̀pá ìdábùú dè é ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ihò bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó gùn dípò kó jẹ́ róbótó, kí ẹ lè máa fa ẹ́ńjìnì sẹ́yìn láti mú bẹ́líìtì le. Bóòtù tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí ni kí ẹ lò, pẹ̀lú wáṣà onísípíríìnì àti nọ́ọ̀tì méjì-méjì. Ẹnìkan á sọ fún yín pé kí ẹ fi rọ́bà sábẹ́ rẹ̀ kó má baà gbọ̀n jù. Níbi tí bẹ́líìtì bá wà, ẹ má ṣe é: rọ́bà á máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnì rìn, púlì méjèèjì kò sì ní wà lójú kan mọ́.

Àwọn wẹ́dà wa yára lọ́wọ́, orí irin kò tíì tutù tí wọ́n á ti ní ó ti parí. Ẹ tètè sọ fún un pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn bá mi fi iná tọ́ ọ lójú kọ̀ọ̀kan ná, ẹ má tíì jó o tán." Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ẹ́ńjìnì lé e, kí ẹ fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara púlì ẹ̀rọ kọjá ara púlì ẹ́ńjìnì. Okùn náà gbọ́dọ̀ fara kan etí púlì méjèèjì ní ojú mẹ́rin láìsí àlàfo. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kó wá jó o tán, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì ní ìsàlẹ̀, kì í ṣe lórí férémù. Tí ẹ bá ti de gbogbo rẹ̀ padà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì láàárín: kó wọlé tó ìwọ̀n mìlímítà 10 sí 15, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi ẹ̀gẹ́ máa ń jẹ irin. Ẹ gbé ẹ́ńjìnì sí ọ̀dọ̀ tí omi náà kì í ṣàn sí, ẹ kun férémù ní ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpata kí ẹ tó kun àwọ̀ tó bá wù yín. Ẹ ṣe ìbòrí irin fún bẹ́líìtì. Àwọn tó ń wá síbi ẹ̀rọ yìí ń so ìró, gèlè wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ọmọ sì wà lẹ́yìn àwọn mìíràn. Ẹ̀rọ tí kò ní ìbòrí bẹ́líìtì, ẹ má tàn án fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀nà epo

Bí ẹ́ńjìnì yín bá wá pẹ̀lú tánkì tirẹ̀, iṣẹ́ ti fúyẹ́. Bí kò bá ní, tánkì gbọ́dọ̀ ga ju pọ́ọ̀ǹpù lọ kí epo lè máa ṣàn wá fúnra rẹ̀. Tánkì bẹntiróòlù àtijọ́ ṣeé lò, bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tí ẹ sì yan án gbẹ nínú oòrùn títí òórùn bẹntiróòlù á fi tán. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mú iná wẹ́dà sún mọ́ ọn, bí ó ti wù kó gbẹ tó. Ẹ yẹra fún páìpù kọ́pà àti tánkì tí wọ́n fi síńkì bò, torí méjèèjì ń ba dísù jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Òkè ínjẹ́kítọ̀ ní páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dá epo tó ṣẹ́kù padà sí tánkì. Ó gbọ́dọ̀ délé. Mo ti rí àwọn tó dí i pa pé ó ń jo.

Ọ̀rọ̀ omi tí mo ní a máa padà sí nìyí. Omi ni ọ̀tá pọ́ọ̀ǹpù dísù, nítorí pé epo náà gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ ọ́ìlì fún un, irin inú rẹ̀ sì sún mọ́ra débi pé ìpata díẹ̀ lè gan án pa. Ẹ fi fílítà tó ní abọ́ ìyàmi sáàárín tánkì àti pọ́ọ̀ǹpù. Bí ẹ bá ra dísù wálé, ẹ bù ú sínú ìgò funfun kan, ẹ gbé e sójú oòrùn. Ó yẹ kó mọ́ gaara. Bó bá rí bí ìkùukùu, tàbí tí nǹkan bá gbé ìsàlẹ̀ ìgò, ẹ má dà á. Èyí tó mọ́ náà, ẹ jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dúró sójú kan di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì máa bu ti òkè. Kí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì máa wà lọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: yíyọ afẹ́fẹ́, àti títàn àkọ́kọ́

Ẹ́ńjìnì tuntun sábà máa ń dé láìsí ọ́ìlì nínú. Ẹ da ọ́ìlì dísù 15W-40 sí i, nǹkan bí lítà 1.1 fún 178F, kí ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n wò ó níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́. Bí fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti ọ́ìlì, ẹ da ọ́ìlì sí abọ́ rẹ̀ náà.

Dísù kì í tàn bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù. Ẹ kún tánkì, ẹ ṣí kọ́ọ̀kì, ẹ tú nọ́ọ̀tì ibi tí epo ti ń wọ pọ́ọ̀ǹpù díẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jò títí ìfóófòó á fi tán, ẹ dì í padà. Lẹ́yìn náà, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́nu ínjẹ́kítọ̀ ní yíyí kan, ẹ gbé ọwọ́ epo sí ibi ìṣiṣẹ́, ẹ máa fa okùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ìdẹ̀fúnpọ̀ (ọwọ́ kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sá jáde kí okùn lè fúyẹ́) ní títẹ̀, títí epo á fi máa tú jáde níbẹ̀ láìsí ìfóófòó. Ẹ dì í le.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níhìn-ín: ẹnu ínjẹ́kítọ̀ ń tú epo jáde ní agbára tó tó báà 200, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 200 agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Bẹntiróòlù tó ta sí yín lọ́wọ́, omi ló máa fọ̀ ọ́. Dísù tó jáde ní agbára yẹn ń gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́, ihò rẹ̀ lè má ju ojú pínní lọ, kó sì má dùn yín lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ló kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ni. Ẹ má fi ìka wá ibi tó ń jò, páálí ni kí ẹ fi wá a.

Láti tàn án: ẹ yọ bẹ́líìtì sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ fa okùn jẹ́ẹ́ títí ẹ ó fi rí i pé ó le, ẹ dá a padà, ẹ tẹ ìdẹ̀fúnpọ̀ tó wà lórí tọ́ọ̀pù, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì fà á pẹ̀lú agbára. Ìdẹ̀fúnpọ̀ náà á padà fúnra rẹ̀. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ó lè ṣagídí. Ẹ yọ rọ́bà kékeré orí ìbòrí tọ́ọ̀pù, ẹ fi ọ́ìlì 2 cc síbẹ̀, ẹ tún fà á. Ẹ má fọ́n bẹntiróòlù tàbí ohunkóhun tó ń yára gbiná sí ẹnu ibi tó ń gba afẹ́fẹ́. Á gbiná kí písítìnì tó dókè, okùn á já ọwọ́ yín gbà, kọ́nrọ́ọ̀dù sì lè tẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: pípa á

Ẹni tó ti mọ ti bẹntiróòlù lára máa ń wá wáyà púlọ́ọ̀gì tí yóò já. Kò sí. Epo lẹ máa pa: ẹ dá ọwọ́ eré padà, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ wá gbé e sí ibi ìdádúró. Ẹ má fi ìdẹ̀fúnpọ̀ pa á láéláé. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé kó máa sá lọ, kó kọ̀ láti kú, pàápàá tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ tó sì ń jẹ ẹ́ bí epo. Ẹ ní pákó pẹlẹbẹ kan nítòsí. Pákó yẹn lẹ máa fi dí ẹnu ibi tó ń gba afẹ́fẹ́ pinpin; ọwọ́ kọ́, aṣọ kọ́, torí ó máa fà á wọlé.

Lẹ́yìn tó bá ti ń ṣiṣẹ́

Fún wákàtí 20 àkọ́kọ́, ẹ má fi ẹrù kún un jù, ṣùgbọ́n ẹ má sì fi í sílẹ̀ kó máa sá lófìfo láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Dísù tí kò ní iṣẹ́ kì í gbóná tó, epo tí kò jó tán á di èédú lẹ́nu ínjẹ́kítọ̀. Nígbà tí 20 bá pé, ẹ yí ọ́ìlì padà, lẹ́yìn ìyẹn kó máa jẹ́ ní 100-100. Ẹ ó rí i pé ọ́ìlì dísù ń dúdú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Èyí tí ẹ bá fà jáde, ẹ má dà á sí gọ́tà, torí gọ́tà Àkúrẹ́ ló ń kó o lọ sí odò Àlà. Àwọn káfíńtà máa ń wá a fi pa pákó nítorí ikán.

Èéfín ló máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá dúdú, ẹrù ti pọ̀ jù tàbí fílítà afẹ́fẹ́ ti dí. Níbi ìyan-gàrí, eérú àti eruku kì í jẹ́ kó pẹ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èéfín funfun láàárọ̀ tó tán lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bó bá ń bá a lọ, omi wà nínú epo tàbí ínjẹ́kítọ̀ kò fọ́n dáadáa mọ́. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Bí ìfúnpọ̀ bá ti lọ sílẹ̀, ẹ máa mọ̀ lọ́wọ́ okùn: á fúyẹ́ ju bó ṣe rí nígbà tó jẹ́ tuntun. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ ẹ́ńjìnì dísù, kí ó yẹ fáàfù àti ríìngì wò, kó tó di pé kò tàn mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀gẹ́ kún ilẹ̀.